Lẹ́yìn Tí Olóòlà Bá Kó Abẹ Nílẹ̀

Ìdílé olóòlà ni ìyá mi ti wá, ní agbègbè Ọ̀yọ́. Bàbá rẹ̀ ló ń kọ ilà ojú, òun náà ló ń dábẹ́ fún ọmọ. Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn iṣẹ́ yìí, abẹ ni wọ́n máa ń ròyìn rẹ̀, àti oríṣiríṣi ilà: àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́. Èmi fẹ́ sọ ti iṣẹ́ tó kù nígbà tí abẹ bá ti padà sínú àpò. Iṣẹ́ àwọn obìnrin ilé ni, ìyẹn ni láti pẹ̀tù sí ìrora ọmọ.

Ìgbín ni ìyá ìyá mi kọ́kọ́ máa ń wá. Láti àná ni yóò ti fi í pamọ́ sábẹ́ agbọ̀n. Bí olóòlà bá ti ṣe tán, yóò fi òkúta fọ́ ṣóńṣó ìdí ìkarahun náà, yóò sì gbé e sókè ojú egbò. Omi tútù tó ń yọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tó, tó, tó. Omi ẹ̀rọ̀ ni. Ọbàtálá tó mọ ọmọ nínú ọlẹ̀ ló ni ín. Ìyá ọmọ a ti fi ọmú sí i lẹ́nu kí igbe tó le. Wọn kì í wé ọmọ náà pinpin. Ìró tó ti gbó tó sì ti rọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, wọn a sì máa ká aṣọ kúrò lára egbò kó má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti àdín ló kàn.

Àwọn àgbà ní títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná tán ní í di oge. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni fún ẹni tó lè gbọ́ ọ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò mọ oge, ìrora nìkan ló mọ̀, àwọn ìyá àgbà sì gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata.

N kò ní sọ pé ayé ìgbà náà dára tán. Abẹ kan náà ni wọ́n ń lò láti ara ọmọ dé ara ọmọ, àrùn ipá sì gbé ọ̀pọ̀ lọ. Omi ìgbín tútù pàápàá kò yẹ lójú egbò, nítorí kòkòrò. Wọ́n dábẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin náà, ìkà ni, òfin Nàìjíríà ti 2015 sì ti kà á léèwọ̀, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ṣe ka ilà kíkọ sára ọmọ léèwọ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ilé ìwòsàn òyìnbó ti wà ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, láti 1895. Díẹ̀díẹ̀ ni ìdábẹ́ ọmọkùnrin bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà. Nígbà tó yá, òrùka Plastibell dé, ike kékeré tí wọ́n ń fi òwú so mọ́ nǹkan ọmọkùnrin, tó sì máa ń fúnra rẹ̀ jábọ́ ní bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀jẹ̀ dínkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀gá wa kan sọ fún wa pé iṣan ọmọ ìkókó kò tíì gbó, pé kì í mọ ìrora bí àgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí dòní, torí mo ti rí ojú ọmọ lórí itan ìyá ìyá mi.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti gba èyí gbọ́. Ní Amẹ́ríkà ní 1985, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ kan tí oṣù rẹ̀ kò pé. Oògùn tí kò jẹ́ kó lè mira ni wọ́n fún un, wọn kò fún un ní èyí tó ń pa ìrora. Ọmọ náà kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Nígbà tí ìyá rẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò dákẹ́. Ní 1987, Dókítà Kanwaljeet Anand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi hàn pé ara ọmọ ìkókó tí wọ́n pa ìrora fún dáadáa lákòókò iṣẹ́ abẹ máa ń tètè balẹ̀ ju ti èyí tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn onímọ̀ tún ti rí i pé ọmú ìyá máa ń dín ìrora abẹ́rẹ́ kù fún ọmọ. Ohun tí àwọn ìyá ń ṣe nílé wa nìyẹn.

Parasitamọ́ọ̀ ló wá gba ipò ìgbín nínú ilé. Láti ọdún 1955 ló ti di oògùn olómi fún ọmọdé, kò sì sí ilé tí kò dé. Òun náà ní ìtàn ẹkún tirẹ̀. Ní 1990, ní Ìbàdàn àti Jos, májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́ wọ inú parasitamọ́ọ̀ olómi, ó sì pa àwọn ọmọ wa. Wọ́n dá NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, sílẹ̀ ní 1993. Síbẹ̀, ní ìparí 2008, májèlé kan náà tún wọ inú oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Ọmọ 84 ló bá a lọ. Ní ti kodíìnì, oògùn ìrora mìíràn, ní 2013 ni ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n má fún ọmọ tí wọ́n gé bèlúbèlú fún mọ́, torí ara àwọn ọmọ mìíràn ń tètè sọ ọ́ di mọ́fíìnì tó lè dá èémí wọn dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò kí ẹ tó san owó. Kílò ọmọ la fi ń wọn parasitamọ́ọ̀: mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílò kan, kí wákàtí mẹ́fà wà láàárín, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́. Ti ọmọ ìkókó, dókítà ni kó sọ iye rẹ̀. Ẹ fi ike ìwọn oògùn wọ̀n ọ́n, ẹ má lo ṣíbí ọbẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìdábẹ́, ẹ má dúró di ìgbà tí ọmọ bá ń ké kí ẹ tó fún un. Bí ó bá ń ké ṣáá lẹ́yìn oògùn, tàbí tí kò tọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹ gbé e padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.