Fìdítì, Ìlọrà àti Ọ̀yọ́ Méjì: Ohun Tí Máàpù Fi Kún Ìtàn

Bí ìtàn bá béèrè pé, "Nígbà wo?", jọ́gíráfì yóò béèrè pé, "Níbo, kí ni ó sì sún mọ́ ọn?" Ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ fi wo àwọn ìlú Afijio.

Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú ni wọ́n kó jọ di Afijio: F fún Fìdítì, I fún Ìlọrà, J fún Jọbẹlẹ tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Orúkọ yìí dá àwọn ìlú mọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n kò sọ èwo ni ó múlé ti èwo. Iṣẹ́ máàpù nìyẹn. Ó ń fi ipò, ìwọ̀n àti àmì sọ̀rọ̀. Lórí máàpù 1:50,000, sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún ìdajì kìlómítà. Bí a bá sì fi ìka tọ ìlà ojú ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, Fìdítì ni a ó kọ́kọ́ kàn, kí a tó kan Ìlọrà.

Àmọ́ máàpù kọ̀ọ̀kan ní ọdún tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1826, Clapperton, arìnrìn-àjò ará Bìrìtìkó, dé ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga. Láàárín ọdún 1830 sí 1840, ìlú náà dahoro, Aláàfin Àtìbà sì tẹ̀dó sí Àgọ́ ní gúúsù, ibi tí ó jìnnà sí i ju 100 kìlómítà lọ. Orúkọ Ọ̀yọ́ kò yí padà. Ipò rẹ̀ ni ó yí.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí agbègbè Fìdítì àti Ìlọrà. Òkè kan kò ṣí, odò kan kò yà kúrò ní ipa rẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀ tí ó jìnnà réré sí ààfin tẹ́lẹ̀ di ẹnu ọ̀nà rẹ̀, láàárín Ọ̀yọ́ tuntun àti Ìbàdàn tí agbára ogun rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ipò ìlú kì í ṣe ibi tí ó wà nìkan, bí kò ṣe àwọn tí ó wà láyìíká rẹ̀ pẹ̀lú.

Aláàfin Abíọ́dún, tí ó wàjà ní 1789, kò jọba ní Ọ̀yọ́ tí a ń wọ ọkọ̀ lọ lónìí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí "Ọ̀yọ́" nínú ìtàn, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún rẹ̀, kí ẹ tó fi ìka tọ́ka sí i lórí máàpù.