Ogun Àdùbí: Ìjà Ojú Irin ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá, 1918

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn Ẹ̀gbá rí kí Ogun Àdùbí tó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1918.

Ní ọdún 1893, Gómìnà Carter bá Aláké àti àwọn ìjòyè ṣe ìwé àdéhùn pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní gba òmìnira Ẹ̀gbá. Ìlérí náà kò pé ọdún méjìlélógún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn ṣọ́jà yìnbọn pa àwọn ará Ìjemò tí inú ń bí nítorí ikú àgbàlagbà kan tí ìjọba fi sí àtìmọ́lé. Ní oṣù kejì rẹ̀, Lugard fagi lé àdéhùn. Bí òmìnira ti lọ tán, ìyà kéékèèké dé: iṣẹ́ ipá láìsí owó, owó ìtanràn, àti ní ọdún 1918, owó orí. Ọkùnrin a san ṣílè márùn-ún, obìnrin a san ṣílè méjì àbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí àwọn ajagun náà kọ́kọ́ dojú kọ. Ojú irin ni. Ojú irin yìí ni ó ń kó ẹrù lọ sí Èkó, òun náà ni ó sì lè gbé ṣọ́jà dé láàárín wákàtí díẹ̀. Wọ́n hú u ní agbègbè Wasimi, wọ́n sì gé wáyà tí ìjọba fi ń ránṣẹ́. Ìbínú nìkan kọ́ nìyẹn, ọgbọ́n ogun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tún ta sílẹ̀: wọ́n pa òyìnbó oníṣòwò kan ní Wasimi, wọ́n sì pa Ọ̀ṣílẹ̀ Òkè-Ọnà, ọba ilẹ̀ wọn, nítorí wọ́n kà á mọ́ àwọn tí ń bá ìjọba ṣe.

Ìjọba kó ọmọ ogun tí ó lé ní 2,000 jọ, púpọ̀ nínú wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Jámánì dé láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni. Ọmọ adúláwọ̀ ni wọ́n pẹ̀lú. Ìbọn ṣakabùlà kò lè dúró níwájú ìbọn arọ̀jò-ọta. Wọ́n jà ní Mokoloki àti àwọn ibòmíràn, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù keje fi ń parí, ogun ti tán. Bí 600 ènìyàn ni ó kú. Gẹ̀ẹ́sì fi àmì-ẹ̀yẹ dá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ́lá. Ti àwọn olóko tí ó ṣubú, kò sí.

Owó orí kò kúrò. Nígbà tí ó di ọdún 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú, gbé ẹjọ́ kan náà dìde láìsí ìbọn. Ní ọdún 1948, Aláké Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀, wọ́n sì dá owó orí obìnrin dúró. Ẹ̀yin ọmọ Oòduà, ẹ má ṣe jẹ́ kí á pe àwọn ará 1918 ní aṣẹ́gun-kò-dé lásán. Àwọn ni ó kọ́kọ́ sọ pé rárá.