Ta Ló Ń Fún Ọmọdé Láyè Eré ní Èbúté Mẹ́ta?

Lẹ́yìn Ìfọ́lé ọdún 1867, tí àwọn onígbàgbọ́ sá kúrò ní Abẹ́òkúta, Gómìnà Glover fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, wọ́n sì la òpópónà tó tọ́ gbọọrọ sí i. Kò sẹ́ni tó ro ti bọ́ọ̀lù mọ́ ọn nígbà náà, ṣùgbọ́n orí òpópónà yìí ni ìran mẹ́ta nílé wa ti ṣeré. Nínú ohun tí wọ́n sọ fún mi, mo rí i pé òbí kọ́ ló ń ṣètò àkókò eré.

Nígbà tí ìyá àgbà mi wà lọ́mọdé, òṣùpá ló ń ṣètò rẹ̀. Ọ̀sán jẹ́ ti ilé ìwé àti ọjà kíkiri. Alẹ́ òṣùpá ni ti bojúbojú, ẹkùn mẹ́ran àti àlọ́.

Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ilé ìwé ni. Ọmọ pọ̀, kíláàsì kò tó, wọ́n bá pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Ti ọ̀sán lòun. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù, tó bá di nǹkan bí aago méjìlá, wọn á sáré fọ ẹsẹ̀, wọn á gba ilé ìwé lọ. Alhaji Lateef Jakande, tó di gómìnà Èkó ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, kọ́ ilé ìwé púpọ̀, ó sì fòpin sí ètò náà. Inú àwọn òbí dùn.

Èyí tó wù mí jù ni ti ọdún 1984. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari gbé WAI dé, ogun tí wọ́n ní àwọn gbé ti ìwàkuwà, ìmọ́tótó àyíká sì wà lára rẹ̀. Ní Èkó, ó wá di pé ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, láti aago 7 sí 10 àárọ̀, mọ́tò kò gbọdọ̀ rìn. Ìjọba fẹ́ ká kó gọ́tà. A máa ń kó o, fún bí ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, òkúta méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, ó di sẹ́ẹ̀tì, láàárín títì tí ọ̀kadà kì í jẹ́ ká fẹsẹ̀ kàn lọ́jọ́ mìíràn. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé nítorí ọmọdé ni.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjọba Èkó fagi lé e, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti ní kò sófin tó ní ká sé èèyàn mọ́lé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Bọ́ọ̀lù nìkan ni mo mọ̀ pé wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Títì tún dá ní oṣù kẹta ọdún 2020 nígbà kòrónà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ká má ṣe súnmọ́ra.

Ní báyìí, òbí ló ni àkókò náà. Àbúrò mi jáde ilé ìwé ní aago méjì, ó wà ní lẹ́sìn títí di márùn-ún, ó tún ń lọ ní Sátidé. Màmá wa kò burú. Ó ń bẹ̀rù mọ́tò, ó ń bẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ, ó sì fẹ́ kó yege. Mo bi àbúrò mi pé ìgbà wo ló máa ń ṣeré.

Ó ní, "Tí tíṣà lẹ́sìn bá pẹ́ dé."