Ihò Kékeré Lára Táǹkì Epo

Bí ẹ bá fẹ́ da mílíìkì inú agolo, ihò méjì lẹ máa ń lu sí i: ọ̀kan kí mílíìkì lè jáde, èkejì kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ọ̀rọ̀ tòní kò jìnnà sí ìyẹn, àmọ́ Pontiac GTO ọdún 1964 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, àwọn ọkọ̀ alágbára tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní muscle car.

Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa epo, bẹ́ẹ̀ ni òfìfo ń pọ̀ sí i nínú táǹkì. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rọ́nà wọlé, epo kò ní lè dé ẹ́ńjìnnì mọ́, ọkọ̀ á kú sójú títì. Oòrùn náà tún ń mú epo wú, ooru rẹ̀ á sì máa wá ọ̀nà jáde. Ojútùú ìgbà náà rọrùn: ihò kékeré lára ìdérí táǹkì, tàbí páìpù tín-ínrín tó ṣí síta. Kò sẹ́ni tó bìkítà ibi tí ooru epo náà ń lọ.

Los Angeles ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Arie Haagen-Smit, onímọ̀ kẹ́míkà ní Caltech, fi hàn pé ooru epo àti èéfín ọkọ̀, bí oòrùn bá pa wọ́n, ni wọ́n ń di kùrukùru tó ń ta aráàlú lójú. Ẹ kíyè sí i: epo tí kò tilẹ̀ jó rárá wà lára ẹ̀ṣẹ̀ náà. California wá pàṣẹ pé kí wọ́n dí ọ̀nà ìta yìí lára ọkọ̀ ọdún 1970. Ní 1971, ó di ti gbogbo Amẹ́ríkà.

Èédú ló gbà wọ́n. Páìpù gbé ooru epo lọ sínú agolo kan tó kún fún èédú, èédú gbà á mọ́ra, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣiṣẹ́, á fa afẹ́fẹ́ gba inú èédú náà, á jó ohun tó bá bá a wá. Chrysler kọ́kọ́ gba ọ̀nà tirẹ̀: ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ́ìlì wà, ni wọ́n ń kó o sí. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀.

Àwọn kan ń pariwo pé agolo èédú yìí ló pa agbára àwọn ọkọ̀ náà. Èmi ò gbà. Ìfúnpọ̀ inú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dín kù àti owó ìbánigbófò tó ga jẹ̀bi jù ú lọ.

Lónìí, ìdérí ló ń dá wàhálà sílẹ̀, torí méjèèjì lè jọra. Fi èyí tí kò nihò sórí ọkọ̀ 1968, epo á há. Fi oníhò sórí ti 1971, ooru epo á kún gáréèjì, iná kékeré kan ló kù. Bí ọkọ̀ àtijọ́ bá kú lójú ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ tú ìdérí náà. Bí ẹ bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ fà wọlé fùù, tí ọkọ̀ sì jí, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló dí.