Agbára àti Àléébù Jin-Roh: Fíìmù Tó Mọ Ọlọ́pàá, Tí Kò Mọ Ará Ìlú

Fíìmù Jin-Roh, tí Hiroyuki Okiura darí, tí Mamoru Oshii sì kọ ìtàn rẹ̀, jáde ní ilẹ̀ Jàpáànù ní ọdún 2000, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn ní Yúróòpù ní 1999. Eré àwòrán ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọmọdé: ẹ̀jẹ̀, ọ̀tẹ̀ àti ẹ̀tàn ló kún inú rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ a máa yin ẹwà àwòrán rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ a máa ní ó ṣókùnkùn jù, ó sì falẹ̀. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ibì kan náà ni agbára fíìmù náà àti àléébù rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ó mọ inú àwọn agbófinró dénúdénú, ṣùgbọ́n kò mọ àwọn ará ìlú tí wọ́n ń lù.

Ìtàn náà wáyé ní Tókíò kan tí òǹkọ̀tàn fọkàn dá, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Àjèjì ti ṣẹ́gun ilẹ̀ náà, wọ́n ti ṣàkóso rẹ̀, ìyà sì ń jẹ mẹ̀kúnnù. Ìjọba dá ọlọ́pàá ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún olú-ìlú. Ẹ̀ka àkànṣe wọn ń wọ ẹ̀wù irin dúdú àti ìbòjú olójú pupa, ìbọn arọ̀jò-ọta Jámánì sì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń lo ọmọdébìnrin láti gbé bọ́ǹbù gba inú gọ́tà abẹ́ ilẹ̀. Ọlọ́pàá Kazuki Fuse ká ọ̀kan nínú wọn mọ́, ṣùgbọ́n kò lè yìnbọn fún un. Ọmọ náà mú kí bọ́ǹbù rẹ̀ bú gbàmù, ó sì kú lójú Fuse. Kò pẹ́ tí Fuse pàdé Kei Amemiya, tó ní ẹ̀gbọ́n olóògbé lòun. Irọ́ ni. Ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló rán an.

Ibi tí fíìmù yìí ti lágbára jù ni bó ṣe fi hàn pé àwọn agbófinró kò bá ọlọ̀tẹ̀ jà tó bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jà. Ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fẹ́ dójú ti ẹ̀ka àkànṣe: bí ọwọ́ bá tẹ Fuse pẹ̀lú Kei, obìnrin tó ti gbé bọ́ǹbù rí, ẹ̀ka náà kò ní lè gbérí mọ́. Atsushi Henmi, ọ̀rẹ́ Fuse, ni wọ́n fi ṣe alárinà. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu. Àmọ́ Fuse náà kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ọmọ Ẹgbẹ́ Ìkòokò ni, ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ tó sápamọ́ sínú ẹ̀ka àkànṣe, tó sì ti rí pàkúté náà tipẹ́. Kò sí ọ̀daràn kan ṣoṣo tí a lè tọ́ka sí. Kálukú ń ṣe ohun tí ipò rẹ̀ ní kó ṣe, òkú sì ń sùn. Eré tó ṣàlàyé bí àjọ ìjọba ṣe lè gbàgbé ìlú tó gbà á síṣẹ́, kó wá máa dáàbò bo ara rẹ̀ nìkan, kò pọ̀.

Iṣẹ́ ọnà rẹ̀ gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀. Okiura ti yàwòrán fún Akira (1988) àti Ghost in the Shell (1995) kó tó darí fíìmù tirẹ̀ àkọ́kọ́ yìí, tí wọ́n fi ọwọ́ yà. Nígbà tí Fuse gbé ẹ̀wù irin wọ̀, tó sì wọ inú gọ́tà lọ pa Henmi àtàwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kò sáré, kò pariwo, ọta wọn kò sì ràn án. Kò sí ayọ̀ akọni níbẹ̀. Okiura kò fún wa láyè láti pàtẹ́wọ́.

Àléébù rẹ̀ hàn tí a bá wo àwọn ará ìlú. Ìwọ́de tó ṣí fíìmù náà mú rògbòdìyàn ọdún 1960 wá sọ́kàn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tú síta ní Tókíò lòdì sí àdéhùn ààbò láàárín Jàpáànù àti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, Michiko Kanba, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Tókíò, kú níbi tí àwọn olùwọ́de àti ọlọ́pàá ti kọlu ara wọn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àdéhùn náà fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n Ààrẹ Amẹ́ríkà, Eisenhower, kò lè ṣe àbẹ̀wò tó fẹ́ ṣe sí Jàpáànù mọ́, Olórí Ìjọba Nobusuke Kishi sì fipò sílẹ̀ lóṣù Keje. Àwọn tó jà nígbà náà mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ síta. Nínú Jin-Roh, yàtọ̀ sí àlàyé ṣókí tí asọ̀tàn ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, a kò gbọ́ ohun tí ọlọ̀tẹ̀ ń bèèrè. Ọmọbìnrin inú gọ́tà kú láìsọ ohun tó ń jà fún.

Ẹnìkan lè sọ pé ohun tí Oshii fẹ́ fi hàn gan-an nìyẹn, pé ìjọba ti pa aráàlú lẹ́nu mọ́. Àlàyé yìí kò tó. A ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn kan kí a tó lè mọ̀ pé wọ́n pa á mọ́. Oshii fúnra rẹ̀ ti ṣe é dáadáa rí: nínú Patlabor 2 (1993) tó darí, àwọn ènìyàn inú ìtàn jiyàn ní gbangba bóyá àlàáfíà tí Jàpáànù ń jẹ nígbà tí ogun ń jó ilẹ̀ ẹlòmíràn jẹ́ àlàáfíà òdodo.

Àléébù kejì wà lára Kei. Oshii fi àlọ́ Ọmọbìnrin Aláṣọ-orí Pupa gbe ìtàn náà, ẹ̀yà tó burú, níbi tí ọmọ ti jẹ ẹran ara ìyá rẹ̀ láìmọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó bá ìtàn mu. Bó ṣe ń padà wá léraléra, ó gba ìpinnu lọ́wọ́ àwọn ènìyàn inú eré. Kei ti gbé bọ́ǹbù, wọ́n ti mú un, wọ́n sì ti fipá sọ ọ́ di amí. Ìgbésí ayé rẹ̀ ló ní ìtàn jù. Síbẹ̀, nígbà tí Ẹgbẹ́ Ìkòokò pàṣẹ kí Fuse pa á láàárín àfọ́kù irin, ìrora Fuse ni fíìmù náà dúró tì. Kei di ẹbọ ìbànújẹ́ ọkùnrin.

Nítorí náà, iṣẹ́ ńlá ni Jin-Roh nípa bí agbára ṣe ń sọ ọmọ ènìyàn di ẹranko. Àbọ̀ iṣẹ́ ni nípa ìṣèlú, torí pé ìṣèlú tí kò ní aráàlú nínú kò pé. Kí olùkọ́ tó bá fẹ́ fi kọ́ni má ṣe fi hàn lásán. Kó ka ìtàn ọdún 1960 mọ́ ọn, kó sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé: kí ni àwọn tí wọ́n yìnbọn fún ń fẹ́?