Olófòófó

Àwọn àgbà ní òfófó kì í gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ tí kò kàn án kiri, tó fi ń da àárín ọ̀rẹ́ méjì rú, ni olófòófó. Ṣùgbọ́n owó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan gbogbo wa. Bí òbí kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá ya fọ́tò kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí, tó gbé e sórí Facebook, tó sì béèrè ohun tí wọ́n fi owó àtúnṣe ṣe, atúdìí-àṣírí ni. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá fi orúkọ olófòófó pa irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ẹni tó tú àṣírí owó tí wọ́n jí gba ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí wọ́n bá rí gbà padà. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 sì fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn ìbéèrè aráàlú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀.

Ẹ̀yin òbí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ tó gbé fọ́tò sórí Facebook, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà.