Kọ́ńpáàsì Nínú Ewì Ìfẹ́

Ní ọdún 1601, akéwì Gẹ̀ẹ́sì nì, John Donne, gbé Anne More níyàwó ní bòókẹ́lẹ́. Inú bí bàbá ọmọ. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Donne, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n.

Nínú ewì ìdágbére rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1633, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ní kí olólùfẹ́ òun má sunkún. Ẹ wo àfiwé tó lò: kọ́ńpáàsì, irú èyí tí ọmọ ilé-ìwé fi ń ya òbírí! Ẹsẹ̀ kan dúró láàárín, èkejì ń rìn yíká. Bí ti òde bá jìnnà, ti ilé a tẹ̀ sí i. Bó bá padà, ti ilé a nàró.

Samuel Johnson bẹnu àtẹ́ lu irú àfiwé báyìí pé tipátipá ni wọ́n fi so ó pọ̀. N kò gbà. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ wà lájò mọ ìtẹ̀sí yẹn dáadáa.